Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Màmá Télọ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ọ̀gá rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bínú bó ṣe máa ń bínú? Gbogbo ilé ń kí ọ. Èmi náà wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, ẹnu mi sì mú bó ṣe wà. Ìkíni ti parí, ó yá, gbọ́ ẹjọ́ mi.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń fi ọwọ́ wà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ti já mi kulẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ti gun òkè yẹn dé ìdajì, mo ti ń wo àtíbàbà ẹni tó ń tún bàtà ṣe lókèèrè, ni ṣéènì bá yọ̀. Ó ta kọ̀ù, ó tún ta kọ̀ù, ohun tí mò ń fi ọwọ́ yí ò bá nǹkan kan mú mọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Mo di bíréèkì mú, bíréèkì náà kàn ń wò mí ni. Ògiri ilé ìtẹ̀wé ló dá mi dúró. Ìgúnpá mi bó díẹ̀. Aṣọ oníbàárà tí mo gbé sórí itan ò tiẹ̀ dọ̀tí. Ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi káfíńtà wà lójú títì lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀. Ó gbé mi wálé, ó gbé kẹ̀kẹ́ sínú ṣẹ́ẹ̀dì tó ń kó pákó sí, ó sì tì í pa. Ó ní ó tán nìyẹn. Ó ní òun á gbé máṣíìnì mi wá sí yàrá, kí n máa ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi aláìsàn. O mọ bí mo ṣe fẹ́ràn àbúrò mi tó. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, mi ò lè bú u. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Látìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọ iṣẹ́, ibẹ̀ nìkan ni mò ń lọ láyé yìí tí ẹnikẹ́ni ò gbé mi lọ. Tí mo bá jókòó sí yàrá yìí pẹ́, mi ò ní dìde níbẹ̀ mọ́. Mo mọ ara mi.

Iṣẹ́ ṣéènì lo ń ṣe. Ìwọ lo máa ń fọ́nnu fún mi pé ṣéènì tí ẹ̀yin ń ya àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ yẹn ń fa ẹ̀rọ tó tóbi ju ilé lọ. Wá fi èyí tí kì í jẹ, tí kì í yọ̀, ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Má sì bá mi sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù àbúrò mi ni gbogbo wa ń lò, mi ò lè máa fi fóònù èèyàn ròyìn èèyàn.

Ó tún ku kinní kan. Láti ìgbà tí o ti kọ lẹ́tà gbẹ̀yìn, irun mi ti funfun sí i.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú oríire. Ibi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ọkọ̀ sì wá, ó sì lọ, mi ò wọ̀ ọ́. Ẹ ní ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀. Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ṣéènì. Kò sí ṣéènì tí kì í jẹ, Màmá. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń wá èyí tí kò ní jẹ láéláé. Ohun tí à ń wá ni pé kó jẹ díẹ̀díẹ̀, kó jẹ káàkiri, kó má ṣe jẹ síbì kan ṣoṣo, kó sì fi àmì han èèyàn kó tó yọ̀. Nínú ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kékeré kan wà tó ń yí nínú ihò rẹ̀. Ọ̀pá yẹn àti ihò yẹn ń jẹ ara wọn. Tí ojú kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ díẹ̀, gbogbo ṣéènì á gùn sí i, kò ní bá eyín irin tó ń gbé e yí dọ́gba mọ́, á wá máa gun orí eyín dípò kó jókòó sáàárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán síípù, ẹ mọ síípù tí eyín ẹ̀gbẹ́ kan ti fẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Gíríìsì tẹ́ ẹ ń fi kun ìta rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Eruku ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, iyanrìn á wá máa lọ̀ ọ́. Ọ́ìlì tó fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ máa kán sáàárín rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àkísà nu ìta rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo ti di ṣéènì tuntun sínú páálí, pẹ̀lú irin eléyín méjì: ti iwájú, níbi tẹ́ ẹ ti ń fi ọwọ́ yí i, àti ti ẹ̀yìn, lára táyà. Ó ti wà lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Òkè yẹn ga. Ẹ jókòó sílé fúngbà díẹ̀ náà. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti dáa, ẹ lè máa wà á nínú ọgbà, kẹ́ ẹ máa fi gba atẹ́gùn. Mo jìnnà gan-an, Màmá. Mi ò lè máa jí lójoojúmọ́ kí n máa rò ó pé ẹ ti ń yí padà sẹ́yìn lórí òkè. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìkíni náà nìyẹn.

Kí n máa fi gba atẹ́gùn. Èmi. Nínú ọgbà tí kò fẹ̀ ju ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí lọ. Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo pa lẹ́tà náà dé, mo tún ṣí i bóyá ẹlòmíì ló kọ ọ́. Ṣéènì ni mo bẹ̀ ọ́, o fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn ti kún ilé yìí débi pé kò síbi tí mo máa gbé tìrẹ sí.

Páálí dé. Ṣéènì rẹ rẹwà, mi ò ní purọ́. Mo da àbúrò mi láàmú títí ó fi gbé kẹ̀kẹ́ jáde, mo wá ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Sípánà, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ gbogbo àdúgbò ṣe. Ó de ṣéènì, ó pààrọ̀ irin ti ẹ̀yìn. Gbogbo ilé jáde wá wòran. Wọ́n gbé mi jókòó sórí rẹ̀, mo yí i, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, níwájú ilé wa, kì í ṣe òkè o, ó sì ta kọ̀ù. Mo tún yí i, ó tún ta kọ̀ù. Ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká ní àbúrò mi tiẹ̀ rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí ohun tí mo máa bá a jà sí. Ó kàn gbé mi sọ̀kalẹ̀ bíi àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì ti kẹ̀kẹ́ padà sínú ṣẹ́ẹ̀dì.

O dójú tì mí. Ṣé ohun tí ilé iṣẹ́ yín ń tà fún gbogbo ayé nìyẹn?

Ó ti gbé máṣíìnì mi dé. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí, mò ń wò ó, òun náà ń wò mí. Oníbàárà kan wá kí n wọn òun lánàá, ojú ń tì í láti bọ́ra níbi tí mo ti ń sùn. Ó ní òun á padà wá. Ohùn tó fi sọ ọ́, mo mọ̀ pé kò ní wá.

Má fèsì tó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn náà ni.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ẹ ó fi ní kí n dìde.

Ẹ bínú, ẹ sì jàre. Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yẹn, mo ti kó o jẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ oníbàárà yín yẹn, inú mi bà jẹ́ débi pé mo dìde kúrò nídìí iṣẹ́ lọ dúró síta. Àmọ́ ṣéènì mi ò jẹ̀bi, mi ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ bú u láìjẹ̀bi. Ẹ ní Ọ̀gá Sípánà pààrọ̀ irin ti ẹ̀yìn. Ti iwájú ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ ti iwájú rárá. Ṣéènì tuntun kì í gbé orí irin tí eyín rẹ̀ ti jẹ. Wọ́n jọ ń jẹ ni, a sì jọ ń pààrọ̀ wọn ni. Níbo ni irin iwájú tí mo fi ránṣẹ́ wà?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe rèé. Ẹ yọ irin iwájú ti àtijọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà tẹ́ ẹ fi ń gé pátánì, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù yí i ká bẹ́ ẹ ṣe ń yí ọrùn aṣọ ká. Gbogbo eyín rẹ̀ pátá, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ tó tiyín. Ẹ sàmì síbi tí ọwọ́ irin tẹ́ ẹ fi ń yí i wà. Kẹ́ ẹ tún sọ fún mi bẹ́ ẹ ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ yìí gan-an, bí ọwọ́ yín ṣe ń lọ àti bó ṣe ń bọ̀. Mi ò bi yín rí, ó yà mí lẹ́nu pé mi ò bi yín rí.

Mi ò tún ní béèrè bóyá ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa lọ. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà lọ ni mò ń wá.

Ọmọ yín tó wà lórí ìkúnlẹ̀.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má pè yín lórí fóònù, mo pè. Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà ló gbé e. Mo ní kí wọ́n gbé e fún yín, wọ́n ní ẹ ń sùn. Ọ̀sán gangan ni. Látìgbà tẹ́ ẹ ti bí mi, mi ò rí yín kẹ́ ẹ sùn lọ́sàn-án rí, kódà nígbà tí ibà ń ṣe yín, ẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ni. Mo bi wọ́n bóyá ara yín ò yá. Wọ́n ní ara yín yá, wọ́n wá ní, "Wọn kì í fẹ́ jí ni." Mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, Màmá. Ẹ bú mi. Ẹ kọ ìwé èébú gígùn sí mi. Ẹ ṣáà kọ nǹkan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Ọmọ mi,

Dìde lórí ìkúnlẹ̀, eékún rẹ ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe pé kí o bó o.

Mò ń sùn lóòótọ́. Mo sùn lọ́jọ́ yẹn, mo sùn lọ́jọ́ kejì, mo sùn títí mi ò fi mọ ohun tí mò ń jí fún. Kí ni mo fẹ́ dìde ṣe? Máṣíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò ṣí i. Èyí tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ ṣí, ibi tí o ti ní kí n bú ọ ló wọ̀ mí lára. Mo ní kí wọ́n gbé omi wá, mo wẹ̀, mo wá ka ti àkọ́kọ́.

Irin iwájú tuntun wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo fi aṣọ wé e. Èmi ni mo ní kí Ọ̀gá Sípánà má de é. Ó ní kò dáa bẹ́ẹ̀, mo ní kó gbọ́ tèmi. Ti àtijọ́ ò fọ́, kò kán, mo ní ká lò ó tán ná. Télọ̀ wo ló ń ju òwú nù nígbà tó ṣì kù lára rẹ̀? Ó dáa, mo ti gbọ́. Má fi ṣe orin kọ.

Àbúrò mi ló yọ ti àtijọ́ yẹn fún mi. Mo rò pé á béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Kò béèrè. Ó nù ún, ó gbé e sórí bébà fún mi, ó tún dì í mú kó má yẹ̀. Wo àwòrán tó wà nínú ìwé yìí dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yà á, mo rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n, mo tún un yà, bákan náà ló rí. Lápá kan, eyín rẹ̀ ti tẹ̀, ó ti mú ṣóńṣó bíi ti èèkánná ológbò. Lápá kejì, bíi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Àbúrò mi náà wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo lẹ fi ń jẹun." Ìyẹn ni ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi ṣe látọjọ́ yẹn.

O ní kí n sọ bí mo ṣe ń wà á. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti dé iwájú àyà mi, mo máa ń fi gbogbo ara tì í jáde. Tó bá ń padà bọ̀, mo máa ń sinmi. Ibẹ̀ náà ni mo máa ń tì, ibẹ̀ náà ni mo máa ń sinmi. Mi ò ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi tẹ nǹkan, àyà àti èjìká ni mo ní. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa wà á ni?

Ìyá rẹ tó ti jí.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Màmá mi, ìyá mi àtàtà,

Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa wà á. Bó ṣe bá yín lára mu ni kẹ́ ẹ máa wà á, irin ló yẹ kó bá yín mu.

Mo gbé bébà yín lọ síbi iṣẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi. Ọ̀gá mi tó ń bínú yẹn ń kọjá lọ, ó dúró, ó bi mí pé ẹ̀rọ wo ló jẹ irin báyìí. Mo ní ìyá mi ni. Ó fa àga, ó jókòó tì mí, a ò sì dìde títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí ni à ń ya irin fún níbí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sinmi, agbára rẹ̀ dọ́gba yíká. Gbogbo ọgbọ́n tí a mọ̀ ni pé kí iye eyín má ṣe pín iye ojú ṣéènì dọ́gba, kí eyín kan má baà máa pàdé ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, kí jíjẹ náà lè kárí. Ohun tí mo ṣe sí èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín nìyẹn. Kò ní ṣe yín láǹfààní pẹ́ títí. Ọwọ́ irin tẹ́ ẹ fi ń yí i àti irin eléyín, bóòtù ló so wọ́n pọ̀, wọ́n jọ ń yí ni. Tẹ́ ẹ bá tì í, eyín kan náà ló máa ń gba ẹrù, lójoojúmọ́ ayé. Èmi náà ṣì í níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

A ti ya òmíràn, wọ́n ti gé e, mo dúró tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gé e. Ihò bóòtù yí i ká, àyè àárín wọn dọ́gba. Tí eyín ibì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ẹ tú bóòtù, ẹ yí irin náà sí ihò tó tẹ̀ lé e, ẹ dè é padà. Eyín tuntun á gba iṣẹ́, ti àtijọ́ á sinmi. Tẹ́ ẹ bá yí i ká tán, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ̀yìn eyín á di iwájú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Irin ti ẹ̀yìn tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí òkè lè fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo fi irin pẹlẹbẹ kan sí i. Ẹ máa tì í bọ àárín ṣéènì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá wọlé, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá wọlé, ṣéènì ti gùn jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó ba eyín jẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ni kọ́kọ́rọ́ irin kan tí Ọ̀gá Sípánà máa dè mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ lọ síwájú, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín gbé e sókè.

Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ti inú dúrọ́ọ̀.

Mo kọ ìwé Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà lọ́tọ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà fúnra wọn, pẹ̀lú ikùn wọn àti gbogbo ìbẹ̀rù wọn, kí wọ́n wà á gun òkè yẹn. Tó bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n tì í mọ́ ṣẹ́ẹ̀dì, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Kò ní yọ̀, Màmá. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógbọ̀n, oṣù kẹwàá

Oníṣéènì mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ, mo kí ẹni tó gé irin náà. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ní kó máa bínú díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gá Sípánà de gbogbo rẹ̀ pátá, mo jókòó tì í, mi ò sì dá sí i. Bó ṣe parí, àbúrò mi yọ ìwé rẹ lápò, ó kà á sókè fún gbogbo èèyàn títí kan ibi tí o ti dárúkọ ikùn rẹ̀, ó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nísàlẹ̀ òkè kí n lè máa wò ó. Ó wà á. Mo tẹ́tí sílẹ̀, mò ń retí kọ̀ù yẹn, gbogbo ara mi ló di etí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ohùn ṣéènì tó ń rọra lọ. Ó kọjá ibi tí tèmi ti yọ̀. Ó tún lọ díẹ̀, ó bá dúró gbọnin lójú òkè. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Àṣé apá rẹ̀ ló ti kú. Káfíńtà tó ń gbé pákó látàárọ̀, apá rẹ̀ ò gbé e dókè. Kẹ̀kẹ́ ò sì yí padà sẹ́yìn rárá, ó jókòó síbẹ̀ ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báyìí lẹ ṣe ń ṣe lójoojúmọ́?"

Wọ́n tì í sọ̀kalẹ̀, èmi náà jókòó. Mo gun òkè yẹn láìdúró. Òun ń rìn bọ̀ lẹ́yìn mi, ó na ọwọ́ méjèèjì bíi ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Nígbà tí a dé òkè, mo bi í pé kí ló dé tó fi le mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Mo rí yín bẹ́ ẹ ṣe ń padà bọ̀ sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n sáré wá dúró sẹ́yìn yín. Ẹsẹ̀ mi ò gbé. Mo kàn dúró síbẹ̀ tí mò ń wò yín." Àbúrò mi rèé, tí mo rò pé ó fẹ́ sọ mí di aláìsàn. Mo fà á mọ́ra lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, àwa méjèèjì sunkún díẹ̀, a nujú. Ó ti gbé máṣíìnì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí mo ti ń dá lọ. Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ń jáde wò mí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní akọni obìnrin. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, mo kàn ń fẹyín sí wọn ni. Lánàá, mo gun òkè láàárọ̀, mo gba iwájú ẹni tó ń tún bàtà ṣe kọjá, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Àwọn ọlọ́jà ń ná ọjà wọn. Kò sẹ́ni tó wò mí. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sídìí máṣíìnì, inú mi dùn débi pé mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Èèyàn kan tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n rí, wọn ò sì rí nǹkan mìíràn.

Èmi ìyá rẹ.